Àpótí password lórí fóònù: kí ó tètè tì, kí ó tètè ṣí

Fóònù tí iná rẹ̀ ń tàn lọ́wọ́ ẹni ni àwọn tó ń já fóònù gbà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ fẹ́ràn jù: èyí tí a ṣì ń fi ka WhatsApp lọ́wọ́, tàbí tí a fi ń wo máàpù. Fóònù tó wà ní títì, ọjà àlòkù lásán ni lọ́wọ́ wọn. Èyí tó wà ní ṣíṣí, owó ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wá kó gbogbo password rẹ̀ sínú áàpù kan ṣoṣo, èyí tí a ń pè ní àpótí níbí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó kàn án nìyí: bí wọ́n bá já fóònù yìí gbà lọ́wọ́ mi báyìí, ìṣẹ́jú mélòó ni àpótí náà yóò fi wà ní ṣíṣí fún wọn?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ènìyàn ń wá ìrọ̀rùn sí ibi tí kò yẹ. Wọ́n á fi àpótí sílẹ̀ ní ṣíṣí fún wákàtí mẹ́rin kí ó má baà máa yọ wọ́n lẹ́nu, tàbí kí wọ́n fi password péńpé tì í. Ìka ọwọ́ ni kí ẹ fi ìrọ̀rùn sí, ẹ má fi sí àkókò. Kí àpótí máa tì láàrin ìṣẹ́jú kan, kí ìtẹ̀ka sì máa ṣí i láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Èwo ni kí ẹ lò?

Èyí tó bá fóònù wá, bíi ti Google lórí Android, kò ná yín ní nǹkan kan, ó sì dára ju kí ẹ máa lo password kan náà níbi gbogbo lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tó ń ṣí ojú fóònù ló ń ṣí òun náà. Ẹni tó jókòó tì yín nínú dánfó, tó rí PIN tí ẹ tẹ̀, tó sì já fóònù náà gbà, ti ní kọ́kọ́rọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ń lo iPhone tó ní iOS 17.3 sókè, ẹ wọ Settings, Face ID & Passcode, kí ẹ tan Stolen Device Protection. Lẹ́yìn èyí, bí fóònù bá jìnnà sí ilé tàbí ibi iṣẹ́ yín, PIN nìkan kò ní í ṣí àwọn password mọ́. Ojú tàbí ìka yín gan-an ló máa béèrè.

Bitwarden, áàpù àpótí tí a máa ń gbà sórí fóònù, ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti fóònù. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Android, iPhone àti kọ̀ǹpútà. Orúkọ inú Settings rẹ̀ ni a máa lò nísàlẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ máa rí irú wọn nínú àwọn áàpù yòókù. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí àpótí òun wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá lè lo KeePassDX lórí Android. Fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .kdbx ló ń kó ohun gbogbo sí, ọwọ́ yín ló sì wà láti máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bí fóònù bá sọnù tí kò sí ẹ̀dà níbòmíràn, ó parí nìyẹn. Ẹni tí kì í rántí ṣe ẹ̀dà fọ́tò rẹ̀, kí ó má lọ síbẹ̀.

Password àgbà

Èyí kan ṣoṣo ni ẹ máa mọ̀ sórí, òun ló sì ń ṣí gbogbo ìyókù. Ní ọdún 2022, àwọn kan wọ inú ẹ̀rọ LastPass, ilé-iṣẹ́ àpótí password mìíràn, wọ́n sì kó ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà lọ. Àdírẹ́sì ìkànnì inú wọn wà ní gbangba, ṣùgbọ́n password àgbà oníkálukú ló ti àwọn password mọ́nú. Olè tó ti ní irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ nílé, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ó ti gbìyànjú jù. Kọ̀ǹpútà ni yóò fi máa dán an wò tọ̀sán-tòru. Bí password àgbà ṣe le tó ni ohun kan ṣoṣo tó dúró láàrin òun àti àpótí.

Bitwarden kì í gba ohun tó kéré sí lẹ́tà 12, ṣùgbọ́n gígùn nìkan kò tó. Òwe, oríkì, orin àti ẹsẹ Bíbélì tàbí Àlùkùráánì gùn dáadáa, ẹgbàágbèje ènìyàn ló sì mọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ara wọn ni kí ẹ lò, kí ó má sì jẹ́ orí yín ló ṣà wọ́n. Bí ẹ ó ti ṣe é nìyí:

1. Ẹ wá ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá kan. Ẹ kọ 0 títí dé 9 sórí bébà péńpé mẹ́wàá, ẹ ká wọn, ẹ kó wọn sínú ife.
2. Ẹ fa bébà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ máa dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà kí ẹ tó fa òmíràn. Bí ẹ bá fa 2, 0 àti 7, ojú-ìwé 207 ni ẹ máa ṣí. Bí nọ́ńbà bá ju ojú-ìwé tó wà lọ, ẹ tún un fà.
3. Ẹ fa ẹ̀ẹ̀mejì sí i. Bí ó bá jẹ́ 1 àti 4, ọ̀rọ̀ kẹrìnlá ní ojú-ìwé náà ni tiyín. Bí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò bá tó iye tí ẹ fà, ẹ tún un fà.
4. Ẹ ṣe báyìí títí ọ̀rọ̀ yóò fi pé mẹ́fà. Èyí tó bá jáde ni kí ẹ gbà, bó rẹwà bí kò rẹwà. Bí ẹ bá ti ń sọ pé “èyí kò wù mí”, orí yín ti ń ṣà á nìyẹn.

Ẹ má fi àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ sí i rárá. Kì í ṣe pé a kórìíra àmì. Ẹ̀rọ ni kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni kíbọ́ọ̀dù lè gbà kọ “ẹ́”: ó lè mú ẹ kí ó gbé àmì òkè lé e, ó lè mú é kí ó fi àmì sí ìdí rẹ̀, ó sì lè mú e lásán kí ó to àmì méjèèjì lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè kà wọ́n sí password mẹ́ta. Ẹni tó fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá fóònù kan dá password sílẹ̀ lè dé orí kọ̀ǹpútà káfè kí ó sì máa tẹ ohun tó tọ̀nà láti àárọ̀ dalẹ́, kí wọ́n máa sọ fún un pé kò tọ̀nà. “Ọ̀gẹ̀dẹ̀” ni kí ẹ kọ ní “ogede”.

Bí àmì bá sì ti lọ, ogun, ogún, ògún àti Ògùn di ọ̀rọ̀ kan náà. Ìdí tí a fi ní mẹ́fà dípò márùn-ún nìyẹn. Ká ní ìwé náà ní ọ̀rọ̀ 6,000, tí yíyọ àmì sì sọ wọ́n di 3,000, ọ̀rọ̀ mẹ́fà ṣì ń fúnni ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù 729. Ó tó kí ẹ fi ọkàn balẹ̀ sùn.

Dáàṣì tàbí àmì ìdánudúró ni kí ẹ fi sáàrin ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Ẹ má lo àlàfo, nítorí àwọn kíbọ́ọ̀dù kan máa ń fi àlàfo kún ìparí ọ̀rọ̀ fúnra wọn, password á sì kọ̀. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ wò nínú Notes tàbí WhatsApp láti fi kọ́ ọ. Kíbọ́ọ̀dù máa kọ́ ọ mọ́ yín, á sì máa dá a lábàá fún ẹni tó bá yá fóònù lò.

Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kan, ẹ fi sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ìwé ilẹ̀ àti sátífíkéètì ilé-ìwé wà. Ẹ̀yìn fóònù, lábẹ́ ike tí a fi bò ó, kì í ṣe ibi ìpamọ́. Bébà yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ: ilé-iṣẹ́ Bitwarden kò ní password àgbà yín lọ́wọ́, wọn kò sì lè yí i padà fún yín bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀. Ìtẹ̀ka ló sì ń jẹ́ kí a gbàgbé. Ẹni tó ti ń fi àtàǹpàkò ṣí i fún oṣù mẹ́fà, ọjọ́ tí fóònù bá bọ́ sómi ni yóò mọ̀ pé òun kò rántí ọ̀rọ̀ kẹrin. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Àkókò títì

Ẹ kọ́kọ́ tún ti fóònù fúnra rẹ̀ ṣe. PIN onínọ́ńbà mẹ́rin kò ju 10,000 lọ. Onínọ́ńbà mẹ́fà jẹ́ 1,000,000, ó sì ṣòro díẹ̀ fún ẹni tó ń yọjú láti kà. Ẹ jẹ́ kí iná ojú fóònù máa kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 30. Bí fóònù yín bá ní Extend Unlock, ẹ pa èyí tó ń jẹ́ On-body detection. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe ti fóònù níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lára ènìyàn, kò sì mọ̀ bóyá ara yín ni tàbí ara ẹni tó ń sá lọ.

Nínú Bitwarden, ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà Account security. Àkókò tó bá áàpù wá ni ìṣẹ́jú 15. Láàrin ìṣẹ́jú 15, ẹni tó já fóònù gbà ní Ọ̀jọ́tà lè ti dé Kẹtu. Ẹ fi sí ìṣẹ́jú 1. Immediately le jù díẹ̀ fún ìkànnì tó ń béèrè orúkọ lójú-ewé kan, tó tún ń béèrè password lójú-ewé kejì, torí ẹ máa tẹ ìka lẹ́ẹ̀mejì fún iṣẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kà á sí ìyọnu lè mú un. Never ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá yàn án, kọ́kọ́rọ́ àpótí ti ń gbé orí fóònù náà nìyẹn.

Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti máa bi yín bóyá kí ó Lock tàbí kí ó Log out. Lock ni kí ẹ mú. Log out dún bí ohun tó láàbò jù, àmọ́ ó máa ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó tún ṣí. Lọ́jọ́ tí dátà bá tán tàbí tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, ẹ ó dúró síta àpótí yín. Èyí tó kàn wà ní Lock máa ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tan Unlock with Biometrics, èyí tó ń jẹ́ kí ìka tàbí ojú ṣí àpótí. Ohun mẹ́rin ló yẹ kí ẹ mọ̀ níbí:

Gbogbo ìka tó wà nínú fóònù ló máa ṣí àpótí. Bí ẹ bá ti fi ìka ọmọ sí i kí ó lè máa wo eré, tàbí ìka ọ̀rẹ́ tí ẹ kò bára yín rìn mọ́, ẹ yọ wọ́n kúrò kí ẹ tó tan án.

Ọwọ́ tó ń po sìmẹ́ńtì, tó ń fọ aṣọ lójoojúmọ́ tàbí tó ń kun làálì kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ dáadáa. Ẹ fi àtàǹpàkò kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ìka méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn iṣẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìka tuntun sí fóònù, Bitwarden á kọ ìtẹ̀ka, á ní kí a tẹ password àgbà. Kò bàjẹ́ o. Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Òun ló ń dí olè tó mọ PIN fóònù lọ́wọ́ láti fi ìka tirẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá fi ìka kankan sí i tó sì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wo iye ìka tó wà níbẹ̀.

Ṣíṣí fóònù pẹ̀lú ojú lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, kámẹ́rà lásán ló ń lò, fọ́tò lè tàn án. Ẹ má gbé àpótí lé irú rẹ̀ lọ́wọ́.

Bí fóònù yín kò bá ní ibi ìtẹ̀ka, Unlock with PIN code ló kù. Ẹ má lo PIN tó ń ṣí fóònù, ẹ má sì lo ti káàdì ATM. Bí áàpù bá bi yín bóyá kí òun máa béèrè password àgbà nígbàkigbà tí òun bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí bí ẹ bá kọ̀, PIN péńpé yẹn nìkan ni yóò máa ṣọ́ ohun tó wà nínú fóònù. Níbí ni àwọn tó ń lo Tecno, Infinix àti itel ti máa ń bínú: fóònù máa ń pa áàpù tó wà lẹ́yìn kí bátìrì lè pẹ́, Bitwarden á rò pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, á sì béèrè password àgbà ní ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń torí èyí sọ password àgbà di péńpé. Bátìrì ló yẹ kí ẹ tún ṣe: ẹ di àmì áàpù náà mú, ẹ wọ App info, lẹ́yìn náà Battery, kí ẹ yan Unrestricted. Bí fóònù bá ní Auto-start, ẹ gbà á láàyè níbẹ̀ náà.

Jíjẹ́ kí ó bá yín kọ ọ́

Ẹ wá ọ̀rọ̀ “autofill” nínú àpótí ìwádìí Settings fóònù, ẹ mú Bitwarden, kí ẹ sì pa ti Google kí méjèèjì má baà máa du iṣẹ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá tẹ àyè tí a ń kọ orúkọ sí, ìlà kan máa yọ lókè kíbọ́ọ̀dù. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé ìka lé e, ẹ yan orúkọ yín, ó ti kún.

Ààbò tó wà níbẹ̀ ju ìrọ̀rùn rẹ̀ lọ. Ojú ènìyàn lè má rí i pé wọ́n ti fi nọ́ńbà 1 rọ́pò lẹ́tà l nínú àdírẹ́sì báńkì, ṣùgbọ́n áàpù ń fi àdírẹ́sì náà wé èyí tó ní lọ́wọ́, bí kò bá sì bára mu, kò ní í dá orúkọ kankan lábàá. Nígbà tí àpótí bá dákẹ́ lórí ìkànnì tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹ má lọ ṣí i, kọ́pì password, kí ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni jìbìtì máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tún wò ó.

Áàpù yàtọ̀ díẹ̀ sí ìkànnì. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá wọ áàpù kan, Bitwarden lè má mọ̀ ọ́n, ẹ ó wá password náà fúnra yín, á sì bi yín bóyá kí òun rántí rẹ̀ fún ọjọ́ iwájú. Áàpù tí ẹ gbà láti Play Store nìkan ni kí ẹ gbà fún, kì í ṣe APK (fáìlì áàpù) tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí Telegram.

Bí kíkọ́pì bá di dandan, ẹ wọ Settings inú Bitwarden, lẹ́yìn náà Other, kí ẹ sì fi Clear clipboard, èyí tó ń nu ohun tí a kọ́pì, sí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Android 13 sókè máa ń nu clipboard fúnra rẹ̀, àmọ́ ó tó bíi wákàtí kan, kíbọ́ọ̀dù sì lè ní ẹ̀dà tirẹ̀. Níbẹ̀ náà ni Allow screen capture wà, èyí tó ń gba ènìyàn láàyè láti ya àwòrán ojú àpótí. Kí ó wà ní pípa.

PIN káàdì ATM àti PIN tí ẹ fi ń ránṣẹ́ owó pẹ̀lú USSD kò nílò àpótí. Nọ́ńbà mẹ́rin ni, orí lè gbé e. Ẹni tó sì ti fi wọ́n pamọ́ sínú orúkọ èké láàrin nọ́ńbà àwọn ènìyàn lórí fóònù, kí ó pa á rẹ́ lónìí.

Kọ́kọ́rọ́ tí a tì mọ́ ilé

Ẹ tan Two-step login, èyí tó ń béèrè kóòdù lẹ́yìn password àgbà, fún àpótí náà lórí vault.bitwarden.com, kí ẹ lo áàpù tó ń mú kóòdù tuntun jáde ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ṣùgbọ́n bí áàpù kóòdù náà bá wà lórí fóònù kan ṣoṣo tí ẹ ní, fóònù tó sọnù ti gbé kọ́kọ́rọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí Bitwarden fi ń fúnni ní kóòdù ìgbàlà onílẹ́tà 32. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kan náà tó wà nínú àpòòwé. Password ímeèlì yín náà yẹ kó wà níbẹ̀: bí áàpù bá fẹ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sí ímeèlì, tí password ímeèlì sì wà nínú àpótí, ẹ ti ti kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́nú ilé.

Ẹ fi PIN sí síìmù pẹ̀lú. Olè kò nílò láti ṣí fóònù yín. Ó lè yọ síìmù sínú fóònù tirẹ̀, kí kóòdù báńkì máa wọlé sí i lọ́wọ́. Ẹ wá “SIM lock” nínú Settings. PIN kan ti wà lórí síìmù láti ilé-iṣẹ́. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó yí i padà, ẹ má méfò. Bí ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, PUK, nọ́ńbà tó ń ṣí síìmù tó ti tì, ló kàn. Bí ẹ bá ṣi PUK lẹ́ẹ̀mẹwàá, síìmù kú.

Bí fóònù bá lọ

Báńkì àti síìmù ló ṣáájú, nítorí ìwọ̀nyí kò nílò kí olè ṣí ohunkóhun. Ẹ pe báńkì kí wọ́n dí àkáǹtì, ẹ pe ilé-iṣẹ́ síìmù kí wọ́n dí nọ́ńbà. Àpótí ti tì fúnra rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú kan, ó lè dúró de yín.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yá fóònù ẹnì kan, kí ẹ wọ android.com/lock, kí ẹ tẹ nọ́ńbà yín, yóò ti ojú fóònù náà, bí ẹ bá ti tan Remote Lock sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú Settings, Google, Theft protection. Ẹ wọ vault.bitwarden.com, Settings, My account, kí ẹ tẹ Deauthorize sessions, èyí tó ń lé gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú àpótí náà jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ yí password àgbà padà. Fóònù tó sọnù kò ní í gbọ́ àṣẹ yìí àfi tó bá wọ íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ má dúró dè é: ẹ yí password ímeèlì, ti báńkì àti ti iṣẹ́ padà lọ́jọ́ náà gan-an, ìyókù lè dúró di ọ̀la. Ẹ rí i pé ẹ jáde kúrò lórí fóònù tí ẹ yá.

Bí ẹ bá ní láti lo kóòdù ìgbàlà kí ẹ tó wọlé, Two-step login ti kú nìyẹn, kóòdù náà kò sì ṣeé lò mọ́. Ẹ tún un tan lórí fóònù tuntun, ẹ gba kóòdù mìíràn, kí ẹ sì ya bébà àtijọ́ kí ẹ tó fi tuntun sínú àpòòwé.